Orí Kẹta: Wákàtí Kan Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ

"Bàbá Ìkókó, ẹ na apá òsì yẹn dáadáa. Tí ẹ bá ká a kò báyìí, ẹ̀wù náà kò ní lẹ̀ mọ́ yín lára."

Rẹ̀mílẹ́kún na apá. Ẹ̀wù náà fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó sì tutù. Bí ó ṣe kan ara rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá fúnra rẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ títí dé abẹ́ àgbọ̀n, ó ń wá ibi tí yóò dì mú. Níbi ọrùn ẹ̀wù ni wọ́n fi gíláàsì kékeré kan sí, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, tí wọ́n gbà ní gìgísẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọ náà pé ọjọ́ méje lónìí. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n ní Òkè-Ìlérí, kò sẹ́ni tó ń sọmọ lórúkọ kí ìwé tó ti Ilé Àbùdá, ilé ìjọba tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, jáde. Àwọn tó kọ́ ilé náà gbọ́n. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn àbáwọlé pé ILÉ LÀ Ń WÒ KÁ TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òfin tuntun ni wọ́n gbé dé.

Ṣíjúwọlá ni orúkọ òṣìṣẹ́ tó ń wọ ẹ̀wù náà fún un, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró, bíi ti Rẹ̀mílẹ́kún, bíi ti ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń rìn nígboro. Pupa ni ti Màmá Ẹfúnyẹmí, ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, tó jókòó sórí àga nítòsí fèrèsé. Ó ti fi etí ìborùn bo ìlẹ̀kẹ̀ náà.

"Fọ́nrán kẹtàdínlógún, èyí tí nǹkan fi ń wọ èèyàn lára, ló ṣí sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ," ni Ṣíjúwọlá wí, ó ń ka ìwé. "Ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá."

"Ọ̀dọ̀ tèmi? Wọ́n ti ti tèmi pa láti kékeré."

"Wọ́n tì í ni, sà, wọn kò yọ ọ́. Èyí tí wọ́n tì lára yín, ṣíṣí ló tún bá dé ara ọmọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin lẹ ó wọ ẹ̀wù, tí kì í ṣe ìyá ìkókó. Ẹ ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé ayé fún wákàtí kan. Ẹ ó tọ́ nǹkan inú àwo wò. Àgbà ilé yóò sọ ohun kan tó dùn ún rí. Lẹ́yìn náà, n ó bọ́ ẹ̀wù, ẹ ó sì fọwọ́ síwèé: ká ṣí i sílẹ̀ fún un, tàbí ká tì í."

"Kí ló dé tí n kò lè fọwọ́ sí i kí ẹ tó bọ́ ọ?"

"Nítorí gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń pariwo pé ká ṣí i." Ṣíjúwọlá ń tẹ ọrùn ẹ̀wù mọ́lẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. "Tí wọ́n bá bọ́ ọ tán, nínú mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló ń tì í. Òfin ní orí tútù ni kéèyàn fi fọwọ́ síwèé."

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún lọ́rùn, nítorí orí tútù ló fi ń jẹun. Awakọ̀ okùn ni. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ nìyí tó ti ń wa ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn irin láti Òkè-Ìlérí, kọjá àfonífojì, lọ sí òkè kejì. Ọkọ̀ náà ga débi pé àwọn onílẹ̀kẹ̀ pupa máa ń di ojú títí wọ́n á fi gúnlẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún kò di ojú rí. Kó tó kúrò nílé láàárọ̀ ló ti pinnu pé títì ni òun yóò tì í, Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ sì ti ní ohun tó bá tọ́ lójú rẹ̀ ni kó ṣe. Ta ni yóò fẹ́ kí ọmọ òun dàgbà di onílẹ̀kẹ̀ pupa, ẹni tí wọn kò ní gbà láyè kó wa ọkọ̀, tí kò lè jókòó ṣe adájọ́, tí kò sì gbọdọ̀ lọ síbi ìsìnkú láìjẹ́ pé ìjọba yan alábàárìn tì í?

"Ó yá," ni Ṣíjúwọlá wí. Ó tẹ nǹkan kan lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. "Omi ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Àwo náà wà lórí tábìlì: ife omi kan, iyọ̀ díẹ̀ nínú ìkòkò amọ̀, orógbó kan, oyin. Ohun tí wọn yóò fi tọ́ ọmọ lẹ́nu lọ́la náà ni. Rẹ̀mílẹ́kún gbé omi, ó mu ún bí èèyàn ṣe ń mu omi.

Ó sì dúró gbagidi. Láti ọdún mọ́kànlélógójì tó ti dáyé, kò sọ́jọ́ tí kò mu omi, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó mọ ìgbà tó wọlé nínú rẹ̀. Ti òní, ó mọ ọ̀nà tó gbà. Ó mọ ìgbà tó dé àyà, ó mọ ìgbà tó dé ikùn, ìtura kan sì tẹ̀ lé e tó jẹ́ pé bí ẹni tó dá omi bá wà nítòsí, ì bá dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó yẹ inú ife wò bóyá wọ́n po nǹkan mọ́ ọn.

"Kí lẹ rí?" ni Ṣíjúwọlá béèrè, kálámù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Omi ni," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, ó sì da èyí tó kù sẹ́nu.

"N ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Iyọ̀ mú kí ojú rẹ̀ là rekete. Orógbó korò débi pé inú bí i sí i, ó fẹ́ bá a jà, kí ó tó di pé ìkorò náà rọra yí padà lẹ́nu rẹ̀, tó di ohun kan tó dùn díẹ̀, tó sì lọ́gbọ́n nínú. Ó ti jẹ orógbó lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sígbà kan tó dúró dè é kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ti ìka bọ oyin, ó ń gbé e bọ̀ lẹ́nu, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sójú fèrèsé.

Àfonífojì ló wà níta. Kùrukùru òwúrọ̀ ń ká kúrò nísàlẹ̀, ó ń fi orí igi hàn díẹ̀díẹ̀, oòrùn sì ti tàn sára okùn irin náà láti òkè yìí dé òkè kejì. Lórí okùn náà, ọkọ̀ kan ń lọ, ó kéré bí èso iṣin. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni, tí ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ń bá a wà lónìí. Lábẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ó wo ibi tí kò sí nǹkan kan náà, ó wò ó lọ sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ, kò sì débi ìpẹ̀kun. Ẹyẹ méjì ń fò láàárín, wọ́n jìnnà sí ọkọ̀, wọ́n sì tún jìnnà sílẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò mọ̀gbà tí ó kúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tí òun yóò kọ́kọ́ dá lóhùn.

"Bàbá Ìkókó, oyin yín ń kán sílẹ̀."

"Inú èyí," ni ó wí, "inú èyí ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún?"

Màmá Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín kékeré níbi tó jókòó. "Ìyẹn ni mo máa ń di ojú sí nínú ọkọ̀ rẹ. Ìwọ rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Kì í ṣe ẹ̀rù ni, màámi?"

"Ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rẹwà jù. Ojú mi kì í gbà á tán, ni mo ṣe ń dì í."

Ohùn rẹ̀ wọ Rẹ̀mílẹ́kún lára. Ó yíjú kúrò ní fèrèsé, ó wo ìyá rẹ̀. Ohùn tó mọ̀ láti ìgbà tó wà lẹ́nu ọmú ni, ohùn tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ nípa oúnjẹ àti ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ́ pé ohùn náà ní ìsàlẹ̀. Àárẹ̀ wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìtìjú kan sì wà níbẹ̀ tí kò mọ ibi tó ti wá. Ó yà á lẹ́nu pé òun ti ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú gbogbo èyí.

Ṣíjúwọlá wo iná tó wà létí ọwọ́ ẹ̀wù. Ó ti ń pọ́n. "Màmá, ó kàn yín. Ohun kan péré, èyí tó dùn yín jù."

"Ṣé dandan ni?"

"Dandan ni, mà. Adùn nìkan kọ́ lọmọ yóò bá pàdé. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́."

Ìyá arúgbó náà tún ìborùn ṣe. "O ní ẹ̀gbọ́n kan," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀.

"Mo mọ̀, màámi. Ìbídàpọ̀." Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ orúkọ ìlú tí kò ní débẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ohun tó fẹ́ràn jù nílé ni kí omi máa hó. Tí mo bá gbé omi kaná, tí ìdérí ìkòkò bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á jókòó tì í, á máa rẹ́rìn-ín, á ní, 'Ìyá mi, ó ń pè wá.' Ibà ló mú un. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Nígbà tó lọ, mi ò lè gbé omi kaná mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Bàbá rẹ ló ń lọ bu omi gbígbóná nílé onílé wá fún mi wẹ̀. Tí wọ́n bá ń hó omi ní ilé kejì, tí mo gbọ́ ìdérí ìkòkò, ibi tí mo bá wà ni màá ṣubú sí. Inú ìyẹn ni mo ti lóyún rẹ."

Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́ ìdérí náà. Kò sí ìkòkò kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ bó ti ń jó, ó gbọ́ ẹ̀rín ọmọ tí kò rí rí, ó sì mọ bí ilé ti rí lẹ́yìn tí ẹ̀rín náà dá. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó wò ó, nítorí kò mọ̀ pé ó lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Kò sunkún nígbà tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ti kú kí wọ́n tó bí i ló wá ń sunkún fún ní Ilé Àbùdá, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú oyin lọ́wọ́.

"Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún nìyẹn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọjọ́ kẹfà tí mo bí ọ ni mo gbé ọ wá síbí. Nígbà náà, kò sí ẹ̀wù, kò sí àwo. Ìyá á fọwọ́ síwèé, wọ́n á fún ọmọ lábẹ́rẹ́, ó parí. Mo ní ohun tó ṣe mí yìí kò gbọdọ̀ ṣe ọmọ mi. Wọ́n ní kí n má mikàn, ilẹ̀kùn ẹkún làwọn ń tì." Ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìborùn. "Wọn ò sọ fún mi pé ilẹ̀kùn kan náà ni."

"Òun àti kí ni?"

"Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo tẹ́ ọ sórí ẹsẹ̀, mo ń kì ọ́. Ọmọ tuntun, tí wọ́n bá ń kì í, ó máa ń dákẹ́ ni. Ojú ẹ̀ á là, irun ara ẹ̀ á dìde, bí ẹni tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà, wọ́n ní mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ògiri."

Láràárọ̀ ni ìyá Rẹ̀mílẹ́kún ń kì í. Bí kò bá sí nílé, á pè é lórí fóònù kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra, á kì í dópin. Òun á dúró kó parí, lẹ́yìn náà á bi í pé kí ni yóò jẹ. Ó rò pé àṣà àwọn àgbà ni, bí wọ́n ṣe máa ń da omi sílẹ̀ kí wọ́n tó mu.

"Ẹ sì mọ̀ pé n kò gbọ́, ẹ ń kì mí."

"Ẹnu ìyá ni, Àtàndá. Kí ni kí n fi ṣe?" Ó nu imú. "Ṣùgbọ́n tì í. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé inú rẹ ń dùn sí omi lónìí. Èmi ni mo rù ú fún ọdún gbọọrọ, mo mọ bó ṣe wúwo. Tì í fún ọmọ náà, kó lè gbádùn ayé ẹ̀."

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ," ni Ṣíjúwọlá wí.

"Màámi, ẹ kì mí."

"Níbí?"

"Níbí, màámi. Ẹ jọ̀ọ́."

Màmá Ẹfúnyẹmí wo Ṣíjúwọlá bí ẹni tí ojú ń tì. Lẹ́yìn náà, ó ṣe bó ti ń ṣe láràárọ̀, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

"Àtàndá, ọkọ mi. Ọmọ a-gòkè-má-wẹ̀yìn. Ọmọ òjò pàṣán lu àpáta, àpáta ò ṣá. Àtàndá, a-jí-kí-ilé-ó-tòrò. Ọmọ ẹni tó fẹ̀rín gbalé lọ́wọ́ ọ̀fọ̀. Wọ́n ní kí n má bí mọ́, mo bí Àtàndá..."

Orí Rẹ̀mílẹ́kún wú. Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn láti kékeré pé orí àwọn wú, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, ó gun àárín orí, ó ya wá sí èjìká méjèèjì, ó sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo ara rẹ̀ sì dìde láti dáhùn. Wọ́n ń pe ẹnì kan. Ẹni náà ga, ó ní àwọn tó ti wà ṣáájú rẹ̀, wọ́n dúró tì í lọ́tùn-ún lósì, òun sì ni ẹni náà. Kò mọ̀ rí pé òun pọ̀ tó báyìí.

Ìyá rẹ̀ dá ẹnu dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ó ń wo apá rẹ̀. Ẹ̀wù náà fẹ́lẹ́, gbogbo irun abẹ́ rẹ̀ ló sì ti nàró. Ó fi ìka kan kàn án, ó fà á láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́.

"Ó gbọ́," ni ó wí. Ṣíjúwọlá ni ó ń bá sọ ọ́. "Ọmọ mi gbọ́."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń kì í, títí iná etí ẹ̀wù fi kú.

Bíbọ́ rẹ̀ kò gba àkókò. Ṣíjúwọlá tú ọrùn, ó fà á, ẹ̀wù náà sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Rẹ̀mílẹ́kún dìde, ó nu orúnkún rẹ̀. Ó wo fèrèsé. Àfonífojì ni, ó jìn tó ọ̀ọ́dúnrún mítà, ó ti kà á nínú ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ tutù, imú rẹ̀ pọ́n. Ó wá ohun tó ṣẹlẹ̀ lára òun kiri, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó rántí rẹ̀ dáadáa, bí ẹni tí wọ́n ròyìn ìrìn àjò ẹlòmíì fún.

Wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀. Ojú ibi méjì ni: ṢÍ I SÍLẸ̀, TÌ Í.

Gbogbo ìdí tó fi jáde nílé láàárọ̀ ṣì dúró pa. Ọmọ tí kò lè wa ọkọ̀. Ọmọ tí ìdérí ìkòkò yóò bì ṣubú. Nísinsìnyí gan-an, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó ń jiyàn. Ó gbé kálámù lé ibi tí wọ́n kọ TÌ Í sí. Ó tún wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá náà ṣì ń wo apá rẹ̀, níbi tí irun ti dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti sùn padà.

Ó gbé kálámù kúrò, ó fọwọ́ sí ibi tí wọ́n kọ ṢÍ I SÍLẸ̀ sí.

Ṣíjúwọlá fa ìwé náà mọ́ra, ó kà á, ó tún tì í padà síwájú rẹ̀. "Ẹ ó kọ ìdí, sà. Òfin ni."

Rẹ̀mílẹ́kún kọ ọ́: *Ìyá mi ti ń pè mí láti ọjọ́ kẹsàn-án. Òní ni mo gbọ́.*

"Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ọ?"

"Rárá."

"Kí wá lẹ gbẹ́kẹ̀ lé?"

"Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

Ṣíjúwọlá wo Màmá Ẹfúnyẹmí fún ìgbà díẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ náà. Ìyá arúgbó náà ti ń mi orí. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọ́ràn. Ta ni yóò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà? Ìwọ ò ní mọ̀. Ìyá ẹ̀ ò ní mọ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, tó bá jókòó tó ń sunkún nítorí pé ó dùn mọ́ ọn, ẹ̀yin méjèèjì á máa wo ara yín."

"Ẹ̀yin ó mọ̀."

"Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, Àtàndá."

"Mo mọ̀, màámi."

Ó wo ọmọ rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà tó sì ń ro bó ti jìnnà tó.

"O mọ̀ pé o ti ní kí n má tíì kú nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màámi."

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì na ọwọ́ kí ọmọ rẹ̀ fà á dìde.